Táyà Yìnyín, Táyà A/T, Táyà Títì, Táyà Ẹrẹ̀: Èwo Ló Yẹ Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Ru Ẹrù Wúwo ní Ìkòròdú?

Ẹni tó bá lọ wo táyà tòkunbọ̀ ní Ìkòròdú, yálà ní Sábó tàbí lójú ọ̀nà Ṣàgámù, kò ní pẹ́ kó tó rí èyí tí wọ́n ya òkè oníṣóńṣó mẹ́ta kan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àwòrán ẹ̀kán yìnyín kan sì wà láàárín òkè náà. Ẹni tó ń tà á yóò sọ fún un pé àmì alágbára nìyẹn, pé táyà tó lè rìn lórí yìnyín ìlú òyìnbó, kí ni ẹrẹ̀ ọ̀nà Ìtóìkín fẹ́ fi ṣe é? Èmi náà gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ nígbà kan, mo sì san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni kí n fi irú táyà mẹ́rin tó wà lọ́jà (ti yìnyín, A/T tó jẹ́ all-terrain, ìyẹn ti gbogbo ilẹ̀, ti títì àti ti ẹrẹ̀) wé ara wọn fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ wúwo, tí ẹrù rẹ̀ sì ga, kí ó lè mọ èyí tí yóò náwó lé kí òjò oṣù Kẹfà tó dé.

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù ni píkọ́ọ̀pù ńlá, irú Ford F-250 tàbí Ram 2500, tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà fi ń ru ilé alágbèéká. Wọ́n á gbé ilé kékeré tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti táǹkì omi ka ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n á sì máa gbé e káàkiri bí ìgbín ṣe ń gbé ìkarahun rẹ̀. Ní tiwa, a kì í gbé ilé. Àpótí ẹja ni, jẹnẹrétọ̀ ni, táǹkì omi ni. Èmi ń kó ẹja láti ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú nínú àpótí onífóòmù kan tí wọ́n fi páànù bò, tí yìnyín kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Ìṣòro ilé alágbèéká àti ti àpótí ẹja kò yàtọ̀ síra: ẹrù náà ga, ó máa ń fì sọ́tùn-ún sósì, ọ̀pọ̀ jù lọ ìwúwo rẹ̀ sì wà lórí táyà ẹ̀yìn méjèèjì.

Ìwúwo ni ká kọ́kọ́ wò

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí wo eyín táyà, kó kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ wọ̀n nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù, irú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá máa ń lò, ẹ bẹ ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kí ẹ sì gun táyà ẹ̀yìn nìkan lé orí òṣùwọ̀n náà, kí táyà iwájú wà nílẹ̀. Iye tó bá jáde ni ẹ ó kọ sílẹ̀. Tèmi jẹ́ 2,700 kílò nígbà tí àpótí bá kún fún ẹja àti yìnyín. Tí a bá pín in sí méjì, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń ru 1,350 kílò, kí a tó sọ pé ó já sí kòtò kankan.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, lẹ́yìn ìwọ̀n rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà kan pẹ̀lú lẹ́tà kan, bíi 113S tàbí 121/118S. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe kílò fúnra rẹ̀. Ó dúró fún kílò tí wọ́n ti kọ sínú tábìlì kan tí àwọn tó ń ṣe táyà jọ ń lò kárí ayé. 104 dúró fún 900 kílò, 108 fún 1,000, 113 fún 1,150, 115 fún 1,215, 118 fún 1,320, 120 fún 1,400, 121 sì dúró fún 1,450. Níbi tí nọ́ńbà bá ti jẹ́ méjì, ti àkọ́kọ́ ni ti ọkọ̀ tó ní táyà kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èkejì sì ni ti ọkọ̀ tó ní táyà méjì-méjì lẹ́yìn, bí àwọn Canter tó ń kó búlọ́ọ̀kù. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e ni ti eré: Q jẹ́ 160 kìlómítà ní wákàtí kan, R jẹ́ 170, S jẹ́ 180, T jẹ́ 190. Ti eré kò ká mi lára. Ojú ọ̀nà wa ti bá wa yanjú ìyẹn.

Ẹ wá wo táyà méjì tí wọ́n lè wọ rímù kan náà. Àkọ́kọ́ ni P265/70R17 113S. Èkejì ni LT265/70R17 121/118S; LT dúró fún light truck, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré bíi píkọ́ọ̀pù. Tí wọ́n bá gbé méjèèjì síta lójú oòrùn, ẹni tí kò bá kà á kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, èyí tó ní P sì máa ń dínwó ju èkejì lọ, nítorí náà òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yí wá síwájú oníbàárà. Méjì rẹ̀ lápapọ̀ ru 2,300 kílò, ó fi 400 dín sí ohun tí mo ń gbé. Ìyẹn gan-an kò tíì tán, nítorí pé táyà oní-P ni wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí a bá sì fẹ́ lò ó fún píkọ́ọ̀pù, a gbọ́dọ̀ fi 1.1 pín agbára rẹ̀. 1,150 á wálẹ̀ di nǹkan bíi 1,045. Táyà oní-LT méjì ru 2,900 kílò, ó sì ṣẹ́ 200 kílò kù fún mi. Ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà P àti lẹ́tà LT yìí tóbi ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín orúkọ iléeṣẹ́ méjì èyíkéyìí lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé orúkọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ bèèrè.

LT náà kò dọ́gba. Páláì ni wọ́n fi ń sọ bí táyà ṣe lágbára tó láti ru ẹrù. Èyí tí wọ́n kọ C sí ni àwọn fọ́kánáísà ń pè ní páláì mẹ́fà, D ni páláì mẹ́jọ, E sì ni páláì mẹ́wàá. Atẹ́gùn tí wọ́n ń fún wọn láti ru ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ẹrù wọn jẹ́ 50 lórí géèjì fún C, 65 fún D, 80 fún E. Ẹni tó bá ń ru irú ẹrù tí mò ń rù kò ní ohun kan í bá C ṣe.

Táyà yìnyín àti táyà A/T

Táyà yìnyín kì í ṣe ohun burúkú níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ní Quebec, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, òfin ni pé kí ọkọ̀ àdáni ti wà lórí táyà yìnyín láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta. Ní Jámánì, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, táyà tó ní àmì òkè oníṣóńṣó mẹ́ta yẹn nìkan ni òfin kà sí táyà yìnyín; lẹ́tà M+S (mud and snow, ẹrẹ̀ àti yìnyín) tí ó máa ń wà lára táyà kò tó mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé M+S kò ti inú ìdánwò kankan wá. Bí wọ́n ṣe gé eyín táyà nìkan ló ń sọ, ẹni tó sì ṣe táyà náà ló fún ara rẹ̀. Àmì òkè ni wọ́n ń fún táyà tó yege nígbà tí wọ́n dán an wò lórí yìnyín. Ṣùgbọ́n bí táyà ṣe ń di yìnyín mú ni ìdánwò náà ń wò. Kò sọ nǹkan kan nípa ooru, kò sì sọ nǹkan kan nípa ọ̀dà tí òjò rọ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Kánádà ń gbé ilé alágbèéká tirẹ̀ rìn nínú òtútù, ó sì yan táyà yìnyín oní-LT, páláì mẹ́wàá, tó ní àmì òkè. Ó ṣe é re, nítorí pé níbẹ̀, bí ìwúwo ṣe ń bá ọkọ̀ rẹ̀ jà ni yìnyín náà ń bá a jà, táyà náà sì gbọ́dọ̀ kápá méjèèjì. Nígbà tó ní òun fẹ́ fi àwọn àlòkù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nínú kọ̀ǹténà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní kó kúkú fi owó ránṣẹ́.

Rọ́bà táyà yìnyín ni wọ́n pò kí ó má bàa le nígbà tí otútù bá ti wálẹ̀ ju 7°C lọ. Ní Ìkòròdú, kò sí òru kankan nínú ọdún tó tutù dé ibẹ̀, kódà nínú ọyẹ́. Lọ́sàn-án oṣù Kẹta, ọ̀dà títì lè gbóná kọjá 50°C, rọ́bà tí wọ́n pò fún otútù yóò sì rọ̀ lórí rẹ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n tì bọ tíì. Ìyẹn nìkan kọ́. Ojú eyín táyà yìnyín ni wọ́n fi abẹ gé wẹ́wẹ́ láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹni pé wọ́n kọ gọ̀ǹbọ́ sí gbogbo wọn lójú, kí etí ilà kọ̀ọ̀kan lè máa ha yìnyín. Lábẹ́ ẹrù wúwo, lórí ilẹ̀ gbígbóná, ilà wọ̀nyẹn máa ń jẹ́ kí eyín náà tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Tí ẹrù bá tún wá ga, ìtẹ̀ kékeré tó wà nísàlẹ̀ á di ìfì ńlá lókè.

Èyí tí mo rà nígbà náà jẹ́ mẹ́rin, tòkunbọ̀, ó mọ́ tónítóní, eyín rẹ̀ sì tó mílímítà 7. Lọ́jọ́ kan tí mo ń kó ẹja bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mo yí sítíárì díẹ̀ kí n lè yẹ kòtò kan. Orí ọkọ̀ yà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọ́kọ́ dúró, kí ó tó wá tẹ̀lé e lójijì, bí ẹni ru garawa omi tó yà, tí omi inú garawa kò sì tètè bá a yà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ náà fì kí ó tó dúró ṣinṣin. Mo páàkì sábẹ́ igi kan, mo fi ọwọ́ kan táyà ẹ̀yìn, mo sì yára fà á kúrò nítorí bó ṣe gbóná tó. Etí àwọn eyín náà ti ń ṣí bí èèpo iṣu tí wọ́n sè. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí mo rà wọ́n, mílímítà 7 ti di 4. Nínú òjò pàápàá, níbi tí ẹni tó tà á fún mi ti búra pé yóò ti wúlò jù lọ, ó máa ń pẹ́ kí bíréèkì tó mú mi dúró ju bó ṣe rí lórí táyà títì tí mo yọ kúrò.

Táyà A/T wà láàárín títì àti ẹrẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín eyín rẹ̀ fẹ̀ ju ti táyà títì lọ, rọ́bà rẹ̀ le, èyí tó bá sì jẹ́ LT máa ń ní ẹ̀gbẹ́ tó nípọn tó láti fara da òkúta àti etí kòtò. Tuntun rẹ̀ máa ń ní eyín tó tó nǹkan bíi mílímítà 12. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń mu epo díẹ̀ ju táyà títì lọ, ó ní ariwo, ó sì wọ́n. Ohun tó sábà máa ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé M+S máa ń wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, àwọn kan sì tún ní àmì òkè yẹn pẹ̀lú. A/T tó ní àmì òkè kò ti ìyẹn di táyà yìnyín tòótọ́. Láti dá wọn mọ̀, ẹ wo orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá Winter, Ice tàbí Snow wà nínú rẹ̀; ẹ wo bóyá ihò kéékèèké tí wọ́n ń kan ìṣó irin sí wà lójú eyín; ẹ wo bóyá gọ̀ǹbọ́ tí mo wí yẹn kún ojú gbogbo eyín. Èmi máa ń fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ojú eyín náà pẹ̀lú, kí n sì tẹ táyà títì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án, ojú èékánná máa ń hàn lára ti yìnyín kedere.

Táyà títì àti táyà ẹrẹ̀

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò gùn. Táyà títì ní ilà gbọọrọ tó yí i ká, tí omi òjò ń gbà jáde lábẹ́ rẹ̀ kí táyà má bàa léfòó. Ó dákẹ́, ó ń ṣọ́ epo lò, ó sì máa ń pẹ́ lórí ọ̀dà. Ẹni tó bá jẹ́ pé láti Ìkòròdú sí Mile 12 ni iṣẹ́ rẹ̀, tàbí tó ń gba Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí kì í yà sínú oko, LT títì páláì mẹ́wàá ni kí ó rà, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi eyín gàgàrà A/T fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó fún un ni ilẹ̀ amọ̀ tí òjò ti rọ̀ sí. Tí amọ̀ pupa bá ti di àwọn ilà yẹn, táyà náà á dán bí orí àpáàdì, á sì máa yí lójú kan.

Táyà ẹrẹ̀ ni ti ẹni tó ń wọ ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn. Eyín rẹ̀ tóbi, àlàfo rẹ̀ fẹ̀, ó sì máa ń tu ẹrẹ̀ dànù bó ṣe ń yí. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà, àlàfo yẹn kan náà ló ń mú kí rọ́bà tó kan ilẹ̀ kéré, bíréèkì nínú òjò kò sì dára lórí rẹ̀. Ariwo rẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi sí píkọ́ọ̀pù nítorí ẹwà rẹ̀. Ẹwà náà kò ṣe é jiyàn.

Tuntun tàbí tòkunbọ̀

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí, nítorí pé owó ló wà níbẹ̀. Nígbà kan, a máa ń ṣe táyà ní Nàìjíríà. Michelin ti iléeṣẹ́ rẹ̀ tó wà ní Port Harcourt pa ní ọdún 2007, kò sì pẹ́ tí Dunlop náà fi dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni a gbójú lé. Àlòkù táyà wà lára ohun tí àjọ aṣọ́bodè ní kí ẹnikẹ́ni má kó wọlé, àyàfi ti ọkọ̀ àjàgbé tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 11.00x20 sókè, tí wọ́n fẹ́ fi rọ́bà tuntun bò. Táyà píkọ́ọ̀pù kò sí nínú àyàfi yẹn. Síbẹ̀, gbogbo wa là ń rí i lọ́jà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó o wá gan-an ló ń ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́. Kí wọ́n lè kó púpọ̀ sínú kọ̀ǹténà kan, wọ́n á ki táyà kan bọ inú èkejì, wọ́n á tún ki ẹ̀kẹta bọ inú ìyẹn, wọ́n á sì wà bẹ́ẹ̀ lójú omi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi irin yọ wọ́n síra, ẹnu táyà, níbi tí ó ti ń gbá rímù mú, ti lè ya, wáyà inú rẹ̀ sì ti lè tẹ̀. Ẹ kò ní rí i lójú. Ọjọ́ tí ẹ bá fún un ní atẹ́gùn 80, tí ẹ sì gbé ẹrù lé e, ni yóò yọ gẹ̀gẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ sí rímù, ẹ ki ọwọ́ sínú táyà náà, ẹ fi ìka yí ẹnu rẹ̀ ká, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ bóyá ibì kan ṣẹ́ po.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ orí. Bàbá fọ́kánáísà kan tí mo máa ń lọ bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo ló kọ́ mi ní èyí. Mo gbé táyà kan tó dán gbinrin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi wo èyí, kí n tó san owó rẹ̀." Ó ki àkísà bọ inú kẹrosíìnì, ó fi nu ẹ̀gbẹ́ táyà náà, dúdú tó ń dán yẹn sì jáde wá sára àkísà bíi tìróò. Ó wá ojú ibi tí wọ́n kọ DOT sí, ó tẹ̀ lé e dé òpin, ó sì fi ìka lé nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn: 3514. "Ọ̀sẹ̀ 35, ọdún 2014," ó ní. "Ọ̀gá mi, tó bá jẹ́ ọmọ ni, ó ti yẹ kó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì." Méjì àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà mẹ́rin náà ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń pé sí, nítorí náà tí ẹ kò bá rí i níta, ẹ yí táyà náà padà. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta péré, kí ọdún 2000 tó dé ni wọ́n ti ṣe é, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti gbé e.

Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó máa ń fi ọdún mẹ́rin ṣe òṣùwọ̀n ọjọ́ orí táyà nílùú wa. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe táyà ní tiwọn máa ń sọ pé kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún tó bá ti lo ọdún márùn-ún, kí a má sì lò ó kọjá mẹ́wàá rárá. Fún ọkọ̀ tó ń ru ẹrù nínú ooru, ọ̀rọ̀ àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni mo fara mọ́.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣírò gàrí, ká má wo iye tí wọ́n pe àpò, ká wo iye tí kóńgò kan á jẹ́. Lójú òfin ilẹ̀ Yúróòpù, táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti tán nígbà tí eyín rẹ̀ bá ku mílímítà 1.6, àwọn òkìtì kékeré tó wà nísàlẹ̀ àlàfo eyín sì máa ń fi ibẹ̀ hàn. Fún òjò wa, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, mílímítà 3 ni èmi ń dúró sí. Táyà A/T tuntun tó ní 12 yóò fún mi ní 9 tí mo lè lò. Tòkunbọ̀ tó ní 6 yóò fún mi ní 3 péré. Tí wọ́n bá wá pe tòkunbọ̀ náà ní ìdajì owó tuntun, tí mo sì rò pé mo ti jèrè, ìdá mẹ́ta ọjà ni mo fi ìdajì owó rà. Kí ó tó yẹ ní rírà, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ jìnnà sí ìdá mẹ́ta owó tuntun, nítorí pé ọjọ́ orí rẹ̀ àti ewu inú kọ̀ǹténà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní géèjì tí wọ́n fi ń wọn eyín, kó ti igi ìṣáná bọ inú àlàfo, kó fi èékánná sàmì sí ibi tó mọ, kó sì gbé e lé orí rúlà ọmọ ilé ìwé.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n tún eyín rẹ̀ gé. Àwọn kan máa ń fi irin gbígbóná la ilà tuntun sójú táyà tó ti fá, tí rọ́bà tó kù lórí wáyà kò fi ní nípọn ju bébà lọ. Táyà ọkọ̀ àjàgbé tí wọ́n kọ REGROOVABLE sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ni wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yẹn, ti píkọ́ọ̀pù kò sí níbẹ̀. Tí ilà náà kò bá dọ́gba, tí òkìtì kékeré tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bá sì ti pòórá, abẹ ti débẹ̀.

Èyí tí mo yàn

Ẹni tó wà lórí ọ̀dà láti àárọ̀ dalẹ́, mo ti sọ tirẹ̀. Ẹni tó ń wọ oko ní agbègbè Ìmọ̀tà tàbí Agbówà, tí ó sì tún ń padà sórí ọ̀dà pẹ̀lú ẹrù, A/T oní-LT páláì mẹ́wàá ni, tuntun, kódà bí agbára rẹ̀ bá mọ sí méjì lẹ́ẹ̀kan. Èmi ra LT265/70R17 mẹ́rin ní ẹ̀ẹ̀mejì: méjì kí oṣù Kẹfà tó wọlé, méjì nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Táyà yìnyín, bó ti wù kó dínwó tó, n kò rí ẹni tó yẹ ní Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ tàbí Badagry. Tí wọ́n bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi gbin ewédú.

Tó bá jẹ́ pé méjì ni ẹ lè rà, ẹ̀yìn ni kí ẹ wọ̀ ọ́ sí, bí ọ̀pọ̀ awakọ̀ tilẹ̀ gbà pé iwájú ni tuntun ń gbé. Tí iwájú bá yọ̀ lórí omi, ọkọ̀ á máa lọ tààrà, ẹ ó sì lè dẹ eré rẹ̀. Tí ẹ̀yìn tó ru ẹrù gíga bá yọ̀, ọkọ̀ náà á yí po mọ́ yín lọ́wọ́. Kí táyà méjì tó wà ní ẹsẹ̀ kan náà jẹ́ irú kan náà, kí ọjọ́ orí wọn má sì jìnnà síra.

Àárọ̀ kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọn atẹ́gùn. Táyà E tí wọ́n fún ní 50 kò lágbára ju táyà C tó bá a dọ́gba ní ìwọ̀n lọ, owó páláì mẹ́wàá ti wọgbó nìyẹn. Ó sì pọ̀ nínú àwọn fọ́kánáísà tí ọwọ́ wọn kì í kọjá 45 nítorí pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló mọ́ wọn lára. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá rímù yín lè gba 80, nítorí pé rímù tí wọ́n ti fi iná jó lẹ́ẹ̀mejì kò ní gbà á. Tí géèjì bá gòkè lọ́sàn-án lẹ́yìn ìrìn, ooru ni. Ẹ má yọ atẹ́gùn kankan kúrò.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rin kìlómítà àkọ́kọ́ lórí táyà tuntun, ẹ dúró, kí ẹ tún nọ́ọ̀tì gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ fún. Tèmi, mo ṣe é ní Ìtóìkín lọ́jọ́ kejì tí mo wọ̀ wọ́n, àpótí kún lẹ́yìn, nọ́ọ̀tì méjì ní ẹsẹ̀ òsì ẹ̀yìn sì gba ìdajì yíyí kí wọ́n tó mú.